Orúkọ Tí Ń Bẹ Nínú Bàtà

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ ara mi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó kan nínú ìjọ wa, nígbà tí a ti jáde kúrò ní ilé Ọlọ́run tí a sì ti jókòó sí ìdí oúnjẹ, ọkùnrin kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bàtà yìí mà dára o! Bàtà Itálì ni, àbí?" Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni; n kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọkùnrin náà mi orí, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ti mọ̀ láti òkèèrè, pé kò sí ẹni tí ó lè tan òun jẹ ní ti bàtà. Wọ́n gbé ìrẹsì dé, a sì yí sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé bàtà náà kò dé Itálì rí. Ní Mùṣín, ní Èkó, ni ọ̀dọ́mọkùnrin aránbàtà kan ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e, tí ó rán an, tí ó sì fà á le orí ẹsẹ̀ igi títí ó fi dúró. Ṣùgbọ́n nínú rẹ̀, níbi tí gìgísẹ̀ ń tẹ̀, ó fi òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà tẹ̀ ẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ilẹ̀ Itálì ni a ti ṣe é. N kò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tẹ̀ ẹ́. N kò sì sọ fún un pé kí ó má tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo délé ní alẹ́ ọjọ́ náà, tí mo bọ́ bàtà, tí mo sì rí òǹtẹ̀ náà tí ó ń dán lábẹ́ iná, ọ̀rọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu, òun ni mo sì fẹ́ kí a jọ rò ní ọ̀sẹ̀ yìí: nínú àwa mẹ́ta, èmi, aránbàtà, àti ọkùnrin tí ó yìn mí, ta ni ó purọ́?

Mo padà lọ bá aránbàtà náà. Mo bá a níbi tí ó ti ń fi ìlu dá ihò sára awọ, mo sì bi í léèrè. Kò bínú, kò sì tijú. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Tí mo bá tẹ orúkọ mi sí i, ẹ̀yin gan-an ni ẹ ó kọ́kọ́ ná an ní ìdajì. Àwọn tí ó ń kó o lọ́dọ̀ mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kò tilẹ̀ ní í gbà á. Ọwọ́ mi ni ó ṣe bàtà, ṣùgbọ́n Itálì ni ó ń bá mi tà á." Mo fẹ́ dá a lóhùn, ṣùgbọ́n mo rántí pé ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Ṣé yóò dà bí ti òkè òkun?" N kò bi í bóyá yóò pẹ́. N kò bi í irú awọ tí ó fẹ́ lò.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọjà Ariaria ní ìlú Aba, níbi tí àwọn aránbàtà pọ̀ sí lọ súà, ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń fi orúkọ ilẹ̀ àjèjì sára iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn. Irọ́ ni, n kò sì fẹ́ fi ẹwà ọ̀rọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí irú irọ́ tí ó jẹ́. Olè a máa fi orúkọ rere bo ọjà búburú. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ní tirẹ̀ fi orúkọ ẹlòmíràn bo ọjà tí ó dára, nítorí ó ti rí i pé ojú wa kò lè rí dáradára ọjà náà láìsí orúkọ yẹn. Àwa ni a kọ́ ọ. Bí a bá ti ń ná ọmọlúàbí ní ìdajì owó, tí a sì ń san odindi fún òǹtẹ̀, kí ni a rò pé ọlọ́jà yóò máa tà fún wa?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àìlajú tiwa nìkan ni èyí. Ní ọdún 2018, ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Payless, tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀ mọ bàtà olówó pọ́ọ́kú, dá ọgbọ́n kan. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní agbègbè Los Angeles, wọ́n tún un ṣe títí ó fi ń kọ mọ̀nà, wọ́n to bàtà ara wọn síbẹ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ó dún létí bí ti Itálì: Palessi. Wọ́n wá ránṣẹ́ pe àwọn gbajúmọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ìmúra wọn ṣe àwòkọ́ṣe. Àwọn wọ̀nyí dé, wọ́n fọwọ́ kan awọ, wọ́n ní iṣẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ ni. Bàtà tí kò ju nǹkan bí 20 dọ́là sí 40 dọ́là lọ ní ṣọ́ọ̀bù Payless, wọ́n ń san ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là lé e lórí. Ẹnì kan san 640 dọ́là. Lẹ́yìn náà ni a tó sọ òtítọ́ fún wọn, a dá owó wọn padà, a sì ní kí wọ́n máa mú bàtà lọ.

Ìpolówó ọjà ni gbogbo rẹ̀, mo mọ̀, kò sì gba Payless là, nítorí ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni gbèsè mú kí wọ́n ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù wọn ní Amẹ́ríkà pa. Síbẹ̀ ẹ má ṣe yára fi àwọn olùrà náà ṣe ẹlẹ́yà. Ọwọ́ wọn kò tàn wọ́n. Ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn ni ó wà níbẹ̀. Iná ṣọ́ọ̀bù, orúkọ ẹnu ọ̀nà, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, iye owó náà gan-an, ni ó sọ fún wọn ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ rí. Ibí yìí ni ewu wà. Bí owó tí a dá lé ọjà bá ti di ẹ̀rí pé ọjà náà dára, olùrà kò ní ohun kan mọ́ tí ó lè fi dá ọlọ́jà lẹ́jọ́. Bí ó bá ti wọ́n tó ni yóò máa gbà á gbọ́ tó.

Bí ẹ bá sì fẹ́ rí bí agbára àmì ti pọ̀ tó, ẹ wo bàtà ọkùnrin ará Faransé nì, Christian Louboutin, ẹni tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Paris ní ọdún 1991. Ìsàlẹ̀ bàtà àwọn obìnrin tí ó ń ṣe pupa fòò. Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ ni pé ọ̀dà èékánná ọmọbìnrin kan tí ń bá a ṣiṣẹ́ ni òun gbà, tí òun fi kun ìsàlẹ̀ bàtà àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ náà ni pupa ìsàlẹ̀ yìí ti di ohun tí à ń pẹjọ́ lé lórí. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní New York dájọ́ láàrin òun àti ilé iṣẹ́ Yves Saint Laurent pé tirẹ̀ ni àmì náà, bí ìyókù bàtà kò bá ti jẹ́ pupa. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ gíga Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà gbè é nínú ẹjọ́ kan tí ó jẹ mọ́ ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Netherlands. N kò bá a jà; ẹni tí ó ronú kan ohun tuntun ní ẹ̀tọ́ sí i. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìsàlẹ̀ ni àmì náà wà, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ ẹrẹ̀, ọ̀dà pupa náà a sì máa bó bí a bá ti ń rìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àmì rẹ̀ pẹ́ kò gbọdọ̀ rìn púpọ̀. Ǹjẹ́ kí ni à ń pè ní bàtà nígbà náà?

Ṣùgbọ́n mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Orúkọ kì í ṣe ẹ̀tàn lásán. Ẹni tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sára iṣẹ́ rẹ̀ ti fi ara rẹ̀ ṣe onídùúró: bí ó bá já, a mọ ilé tí a óò gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìdílé alágbẹ̀dẹ ṣe ń ṣọ́ orúkọ wọn láyé àtijọ́, tí kò fi sí ẹni tí yóò gbé ọkọ́ tí kò mú jáde lábẹ́ orúkọ baba rẹ̀. Ìdí nìyí tí inú mi kò fi dùn sí òǹtẹ̀ Itálì. Ó sọ aránbàtà di ẹni tí kò ní orúkọ. Bí bàtà náà bá dára, Itálì ni ó gba ìyìn. Bí ó bá sì já, kò sí ẹni tí a lè bá wí, nítorí ẹni tí ó ṣe é kò sí nínú rẹ̀.

Nínú òwò bàtà, àwọn aláìlórúkọ pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Mélòó nínú wa ni ó ti gbọ́ orúkọ Jan Matzeliger? Aláwọ̀ dúdú ni, a bí i ní ọdún 1852 ní Suriname, ó sì ré òkun lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú Lynn ní Massachusetts. Ní ìgbà náà, kò sí ẹ̀rọ tí ó lè fa awọ òkè bàtà le orí ẹsẹ̀ igi kí ó sì kàn án mọ́ ìsàlẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, akíkanjú oníṣẹ́ kan kì í sì í ṣe ju nǹkan bí 50 bàtà ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ lóòjọ́. Matzeliger fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ẹ̀rọ kan, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1883, ẹ̀rọ náà sì lè ṣe 150 títí dé 700 lóòjọ́. Owó bàtà wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Ikọ́ fée pa á ní 1889, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì. Ọ̀pọ̀ tálákà tí kò ní bàtà tẹ́lẹ̀ rí bàtà wọ̀ nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí bàtà kan tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Awọ pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Nígbà tí Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì nì, dé Kánò ní 1851, ó rí i pé wọ́n ń ṣe sálúbàtà níbẹ̀ dáradára, wọ́n sì ń kó o lọ sí ọ̀nà jíjìn réré. Awọ ewúrẹ́ pupa ilẹ̀ Sókótó ti ń gba aṣálẹ̀ kọjá sí àríwá, tí àwọn òyìnbó sì ń pè é ní awọ Morocco, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rà á. Ẹ ò rí i pé àṣà fífi orúkọ ẹlòmíràn pe nǹkan wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀? Títí di òní, awọ tí a pa ní Kánò ń lọ sí Itálì àti Sípéènì, a sì ń rà á padà ní bàtà àti àpò. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó kọ bàtà Mùṣín sílẹ̀ nítorí ti Itálì máa fi awọ Kánò rìn láìmọ̀. (Bí a ti ń sọ ti orúkọ, àwọn kan gbà pé ilé iṣẹ́ Bata ni ó fún wa ní ọ̀rọ̀ náà "bàtà". Rárá o. Ní ìlú Zlín, tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Czech lónìí, ni a ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1894, orúkọ ìdílé tí ó dá a sílẹ̀ sì ni. Bíbélì Yorùbá ti ń sọ ti bàtà ṣáájú ìgbà náà.)

Ẹ má sì ṣe rò pé òǹtẹ̀ Itálì tí ó jẹ́ òótọ́ pàápàá ń sọ gbogbo òótọ́. Lábẹ́ òfin Yúróòpù, ibi tí a ti ṣe iṣẹ́ pàtàkì ìkẹyìn lára ọjà ni a ń kà sí ìlú rẹ̀. A lè rán awọ òkè bàtà ní ilẹ̀ mìíràn tí owó iṣẹ́ kò ti pọ̀, kí a sì parí rẹ̀ ní Itálì. Ní ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Milan fi alábòójútó sórí ilé iṣẹ́ kan tí ó jẹ́ ti Dior, nítorí pé àwọn agbaṣẹ́ṣe tí ń bá a ṣe àpò ń rẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn jẹ. Àpò ni, kì í ṣe bàtà, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìwé ilé ẹjọ́ sọ pé 53 yúrò ni a san fún agbaṣẹ́ṣe lórí àpò kan tí a ń tà ní 2,600 yúrò. Owó awọ kò sí nínú 53 yẹn, ó yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀ kí a má baà ṣe ojúsàájú. A mú alábòójútó náà kúrò ní 2025. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nígbà tí olórí ilé iṣẹ́ Nike fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ní 1998 pé orúkọ bàtà àwọn ti di ohun kan náà pẹ̀lú owó ọ̀yà ẹrú lọ́kàn àwọn ènìyàn. Wòlíì Ámósì ti bá àwọn olówó ìgbà ayé rẹ̀ wí nítorí wọ́n ń fi bàtà ẹsẹ̀ méjì ra aláìní. Mo máa ń rò pé àpèjúwe lásán ni.

Báwo ni kí a ti wá ra bàtà? Mo ti bi àgbà aránbàtà, mo sì ti fi owó ara mi kọ́ díẹ̀. Ẹ má ṣe lọ ra bàtà ní òwúrọ̀. Ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀ bí ọjọ́ ti ń lọ, bàtà tí ó bá yín mu ní agogo mẹ́jọ àárọ̀ lè máa fún yín ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ wọ ẹsẹ̀ méjèèjì, nítorí ọ̀kan sábà máa ń tóbi ju èkejì lọ. Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀n àtàǹpàkò ọwọ́ kan kù níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí ó gùn jù. Ẹ rìn nínú rẹ̀ lórí ilẹ̀ líle, kì í ṣe lórí kápẹ́ẹ̀tì ọlọ́jà. Ẹ tẹ̀ ẹ́: iwájú ni ó yẹ kí ó ti tẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀, kì í ṣe ní àárín. Ẹ wo etí ibi tí a ti gé awọ. Awọ gidi a máa ní fọ́nrán bí ara igi, èyí tí a fi rọ́bà ṣe a máa dán gbọ́rọ́ bí ọ̀rá. Ẹ wá ojú òwú. Bàtà tí a rán ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ òkè ṣeé tú, ó sì ṣeé pààrọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tí a fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀, bí ó bá ti là, ó sábà máa ń parí síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ awọ dára fún ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n òjò Èkó kì í bá a rẹ́.

Bí bàtà náà bá ti ọ̀nà Yúróòpù wá, ẹ wo bébà kékeré tí ń bẹ lára rẹ̀. Láti ọdún 1994 ni Yúróòpù ti ṣe òfin pé kí a fi àwòrán sọ ohun tí a fi ṣe òkè, inú, àti ìsàlẹ̀: àwòrán awọ ẹran tí a nà sílẹ̀ dúró fún awọ, àwọ̀n híhun dúró fún aṣọ, igun mẹ́rin tí ó dúró lórí ṣóńṣó rẹ̀ kan dúró fún rọ́bà àti irú bẹ́ẹ̀. Mo ti rí bàtà olówó gegere tí igun mẹ́rin yìí wà níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà náà ni kí ẹ tó ṣírò. Ká ní bàtà kan jẹ́ 60,000 náírà, tí ẹ sì pààrọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní 10,000 náírà, tí ó lo ọdún márùn-ún: 16,000 náírà ni ọdún kan. Ká ní òmíràn jẹ́ 15,000 náírà, tí ó sì ń já ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà: 30,000 náírà ni ọdún kan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra kí a má fi ìṣirò yìí bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ra èyí tí ó já kì í ṣe òmùgọ̀; 15,000 ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ nílò bàtà. Àìní a máa mú kí tálákà san ju olówó lọ lórí ohun kan náà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, èsúsú pẹ̀lú àwọn tí ó mọ̀ sàn ju ìmọ̀ràn mi lọ, bàtà tòkunbọ̀ tí a rán dáradára sì sàn ju tuntun tí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀.

Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tí ó ní èyí tí ó tó, tí ó sì ń yáwó ra èyí tí yóò fi han ènìyàn. Àwọn baba wa ní, "Fáàrí àṣejù, oko olówó ní í mú ọmọ lọ." Oko olówó náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ní ìgbà tiwọn, ìwọ̀fà ni, ẹni tí ó fi ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ èlé títí a ó fi san owó. Ìwọ̀fà òde òní wà nínú fóònù. Ọ̀dọ́ a yá owó ní ìṣẹ́jú márùn-ún láti ra bàtà ọjọ́ kan, nígbà tí oṣù bá sì yí po, olówó a bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ìyá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀, àti gbogbo ojúlùmọ̀ rẹ̀ lójú. Bàtà tí ó rà kí a lè bọ̀wọ̀ fún un ni ó mú ìtìjú yẹn wá.

Kí n padà sí ẹjọ́ mi. Mo ti rò ó títí, mo sì gbà pé èmi ni mo purọ́ jù. Aránbàtà purọ́ nítorí oúnjẹ. Ọkùnrin tí ó yìn mí sọ ohun tí ó rò. Èmi nìkan ni mo mọ òtítọ́ tí n kò sì ní ohun tí ebi yóò fi pa mí bí mo bá sọ ọ́. Mo tún lọ sí Mùṣín, mo ní kí ó ṣe òmíràn fún mi, kí ó sì tẹ orúkọ ara rẹ̀ sínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Kò ní òǹtẹ̀ tí ó ní orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bi í rí. Ó lọ gbẹ́ ọ̀kan. Nígbà tí ó sọ iye rẹ̀, iye kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, mo ti la ẹnu láti ná an kí n tó gbọ́ ohùn ara mi. Mo pa ẹnu dé, mo kówó sílẹ̀.

Ní oṣù tí ó kọjá, mo tún pàdé ọkùnrin ọjọ́ ìgbéyàwó nì lẹ́yìn ìsìn. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ti ra òmíràn!" Mo bọ́ bàtà kan, mo fi inú rẹ̀ hàn án. Ó ka orúkọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ará ibo ni?" Mo ní, "Ará Mùṣín ni. Òun náà ni ó ṣe ti ìjọ́sí." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó yí bàtà náà po, ó tẹ̀ ẹ́, ó wo ojú òwú rẹ̀, ó sì bi mí ní iye tí mo rà á. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ó mà wọ́n o." Síbẹ̀ ó gba nọ́ńbà aránbàtà náà. N kò tíì bi í bóyá ó lọ.